Ẹ̀rí Kejì

Ẹ̀rí méjì ni mo ti jẹ́ lórí ọkàn tó ń lù láyà mi yìí. Èkíní, ìdúró ni mo wà nígbà tí mo jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá kan tilẹ̀ ń nu omijé. Irọ́ ni mo pa. Èkejì ni ẹ ń kà yìí. Ìjókòó ni mo wà, mo ti lo oògùn òwúrọ̀ mi, kò sì sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Ìdáàṣà ni mí, ìlú tí wọ́n kọ Dassa-Zoumè sí lójú máàpù, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá ti gba títì Kútọnu lọ sí Parakú rí á mọ ibi tí mò ń wí. Ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ títí, lójijì ni òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́tùn-ún lósì, òkúta ràbàtà lórí òkúta ràbàtà. Ìlú olókè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè wá. Àwọn àgbà sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin, baba ńlá ìdílé ọba wa, ti gbéra wá, àwọn òkè yìí ló sì ṣe odi fún àwọn èèyàn wa nígbà ogun. Lóde òní, àdúrà ló ń gbé àlejò wá sídìí òkè: láti 1954 ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń wọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo lóṣù kẹjọ ọdọọdún, láti bẹ Màríà Wúńdíá pé kó bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Ní ìlú olókè, ẹsẹ̀ àti èémí ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin. Mo ní méjèèjì, mo sì ń fi wọ́n yangàn.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Pùròfù ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nílẹ̀ wa. Lọ́dọọdún ni mò ń ya sẹ́ẹ̀lì sójú pátákó, tí mò ń ya mitokọ́ńdíríà sínú rẹ̀ bí ẹni ya hóró ẹ̀wà, tí mò ń wí fún àwọn ọmọ pé ibẹ̀ ni ara ti ń rí agbára. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ yìí o, torí òun ló mú kí ẹ̀ṣẹ̀ mi wúwo.

Ní 2016, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé-ìwé wa láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn olùkọ́, èyí tí àwa tí a ń gbọ́ Faransé ń pè ní tánsíọ̀n. Mo na apá sí wọn bí ẹni ń ṣeré. 18 lórí 11. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, 180 lórí 110 ni ẹ máa pè é. Nọ́ọ̀sì náà wò mí lójú, ó ní kí n jókòó díẹ̀, ó tún un wò. 18 lórí 11 náà ni. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti gun òkè lọ kí àbúrò bàbá mi, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ láìmí hẹlẹ.

Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán ọkàn, èyí tí wọ́n ń fi ìró yà. Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé ògiri ọkàn mi lápá òsì ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà kọ oògùn mẹ́ta fún mi, ó ní ojoojúmọ́ ni kí n máa lò ó.

Mo mú ìwé náà lọ sídìí ayò. Mo ní, "Ẹ má bá mi ta á mọ́ o. Dókítà ti ní ọkàn mi tóbi ju ti gbogbo yín lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo gbà á gbọ́. Ṣebí apá ẹni tó ń kọ ebè máa ń ki ni? Ṣebí ẹni tí àyà rẹ̀ le là ń pè lákin? Bí òkè bá mú kí ọkàn mi ki, oore ni òkè ṣe fún mi. Olùkọ́ ohun abẹ̀mí ló ń rò báyìí o.

Mo lo oògùn náà fún oṣù márùn-ún. Ó wálẹ̀ sí 13 lórí 8. Ara mi yá gágá, mo sì gbàgbé pé oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà kan wà tí mò ń bá pàdé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2017, wọ́n béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí, mo nawọ́. Mo ní Ọlọ́run ti wo ọkàn mi sàn. Mo ní mo ti da gbogbo oògùn nù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yẹn, páálí oògùn wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo sì lo ti alẹ́ ọjọ́ náà kí n tó sùn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó dá a dúró lóòótọ́. Ìdí tí mo fi dá a dúró ni pé ojú ń tì mí láti máa jẹ́ opùrọ́. Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń ṣe ọmọ èèyàn: mo kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ni mo wá ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ di òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbi ìpàdé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo tẹ̀lé e nínú ọmọ ìyá wa. Ìdí òkè ló ti ń fi òòlù fọ́ òkúta tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti fún un lóògùn. Ó wà lára àwọn tó ń nu omijé.

Ọdún méjì kọjá, nǹkan kan kò ṣe mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kẹjọ 2019, nígbà tí àwọn èrò Arigbo kún ìlú, àwọn àna mi kan wá láti Kútọnu, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ìlú láti orí òkè. Èmi ni mo ṣíwájú. A kò tíì dé ìdajì tí èémí mi fi pin. Mo jókòó sórí òkúta, mo ṣe bí ẹni tó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà Savalou fún wọn. Ìyá arúgbó kan tó ru omi ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, kò sọ ẹrù, kò dúró. Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o." Ó kọjá lọ sókè. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń mì nínú garawa orí rẹ̀ títí tó fi pọ́n òkúta kejì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọgbọ́n gbé e. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ó dà bíi pé wọ́n gbé mi sínú omi, mo bá ń sùn lórí àga. Bí mo bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ojú ibi tó fún mọ́ á lọ wọnú bí ojú okùn lára àpò gaàrí. Mo ń jẹ obì, mo ń ra ohun mímu inú agolo tí wọ́n kọ "agbára" sí lára, méjì lójúmọ́, kí n lè dúró kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ní kíláàsì mọ́ ni ìyàwó mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà, ọmọ Kétu, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi. Mo ní, "Àgbẹ̀ ni mí."

Ìyàwó mi yíjú wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo purọ́ nítorí mo mọ ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e bí mo bá ní olùkọ́ ohun abẹ̀mí ni mí. Dókítà bá fa bébà kan yọ, ó ń kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọ. Ó ya ọkàn, ó ya ògiri rẹ̀, ó ní àwọn hóró kéékèèké kan wà nínú ẹran ara tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Mo ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí mi ò rí kà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní, "Bàbá, ọkàn yín tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á."

Mo kó oògùn dé ilé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ. Mo bá a tó ti ẹsẹ̀ bọ inú ọpọ́n omi gbígbóná. Ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún. Ó gbé ìrọ̀rí mẹ́ta sí igun ibùsùn. Mo mọ ohun tí ìrọ̀rí mẹ́ta ń sọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yín ńkọ́?"

Ó ní, "Oògùn wo? Mo ti dá a dúró láti ọjọ́ tí o ti jẹ́rìí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní ọjọ́ ọjà ti yí padà. Kò mọ̀ pé òun ń dá mi lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọ Kétu. Dókítà rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbẹ̀, ẹ káàbọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi, bí ara rẹ̀ kò ti yá tó nì, kígbe: "Àgbẹ̀ kẹ̀? Ta ni àgbẹ̀? Pùròfù ni o! Ẹ̀kọ́ nípa ara yìí gan-an ló fi ń jẹun!" Yàrá náà dákẹ́. Mo ń wo ilẹ̀. Dókítà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó yọ bírò lápò, ó tì í sí mi lórí tábìlì. Ó ní, "Ó dáa, Pùròfù. Ẹ̀yin ni ẹ máa ṣàlàyé fún Màmá lónìí."

Mo ti kọ́ kíláàsì tó lé ní ọgbọ̀n ní ẹ̀kọ́ yìí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kọ́ ẹni tí ìmọ̀ náà lè pa tàbí kó gbà là. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbà wọ̀ ọ́, àfi ibi ìdáná ìyá wa.

Ìyá wa ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ogójì ọdún ní oríta tí ọ̀nà Savalou ti yà kúrò lára ọ̀nà Parakú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fọ àwo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn yín, ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ni. Àwo oúnjẹ tí wọ́n bá bù ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP. Iṣan ọkàn ló ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ẹ́ tán, àwo òfìfo ló kù, òun ni ADP. Àwo òfìfo á padà sídìí ààrò, wọ́n á tún bù ú. Mitokọ́ńdíríà ni ààrò."

Ọkàn àgbàlagbà kò wúwo ju màngòrò ńlá kan lọ, bíi 300 gíráàmù. Ó ń lù ní nǹkan bí 100,000 ìgbà lójúmọ́. ATP tó ń ṣe tó sì ń ná láàárín ọjọ́ kan tó kílò 6, ìyẹn ìlọ́po ogún ìwọ̀n ara rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ nígbàkígbà kò pọ̀. Bí gbogbo ààrò bá kú pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni àwo máa fi tán. Ìdí nìyẹn tí ààrò fi gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá ń gun òkè, iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n iye àwo tó wà nílẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń bù. Ẹ̀gbọ́n mi da ìbéèrè bò mí níbí. Ó ní, "Ta ló ń sọ fún ààrò pé èrò ti pọ̀?"

Mo bi í pé kí ló ń sọ fún ìyá wa. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àwo òfìfo tí mò ń kó padà ni." Òótọ́ ni. Bí ADP bá ṣe ń padà ni ààrò ń mọ̀ pé kí òun yára. Mo ní, "Kí ló tún wà?" Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Fèrè mọ́tò!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa kì í dúró de àwo òfìfo. Bí mọ́tò Parakú bá ti fọn fèrè nísàlẹ̀ ọ̀hún, kí èrò kankan tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ti igi wọ ààrò. Kálíṣíọ̀mù ni fèrè inú ọkàn. Òun ló ń wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, tó ń pàṣẹ fún iṣan pé kó sún kì. Díẹ̀ lára kálíṣíọ̀mù yẹn náà ló ń wọ inú mitokọ́ńdíríà lọ kóná mọ́ ọn. Ohùn kan ṣoṣo ló pe iṣan síbi iṣẹ́ tó sì pe ààrò síbi iná. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní "kálíṣíọ̀mù" àti "ATP" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ogún ọdún. Mi ò so wọ́n pọ̀ fún wọn rí.

Ohun kẹta ni kúlà. Ìyá wa máa ń bu oúnjẹ díẹ̀ sínú kúlà létí títì, kí ọmọ rẹ̀ má bàa máa sáré dé ìdí ààrò ní gbogbo ìgbà. Ọkàn ní tirẹ̀, creatine ló fi ń tọ́jú agbára ráńpẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan. Igi ìdáná ńkọ́? Ọkàn tó yá gágá lè fi oríṣiríṣi igi dáná, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló fẹ́ràn jù, ó ju ìdajì lọ nínú iná rẹ̀. Ṣúgà ló tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀rá ni igi àyìn nìyẹn." Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó dáa," ni dókítà wí. "Ti ọkàn tó tóbi wá ńkọ́, Pùròfù?"

Bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ríru dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ìyá wa máa gbé àwo kọ̀ọ̀kan gun òkè kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ sí i, ó bá fẹ ṣọ́ọ̀bù lójú. Ògiri ọkàn ń ki nìyẹn. Ó ṣe é kí ó lè gbé ẹrù náà ni, ó sì gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń fẹ̀, ààrò kò pọ̀ tó o, ọ̀nà tóóró tí igi àti atẹ́gùn ń gbà wọlé kò sì fẹ̀ tó o."

Kúlà ló kọ́kọ́ ń fúyẹ́. Láti 1939 ni Herrmann àti Decherd ní Amẹ́ríkà ti rí i pé creatine ti dín kù nínú ọkàn tó ti kùnà. Lẹ́yìn náà ni igi á yí padà. Ọkàn á máa fi ọ̀rá sílẹ̀, á máa wá ṣúgà kiri, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ọmọ inú oyún ṣe ń ṣe. Àgbàlagbà ti padà sídìí oúnjẹ ọmọ inú. Púpọ̀ nínú ṣúgà náà kò sì jóná dé inú ààrò. Wọ́n kàn ń fọ́ ọ lójú ọ̀nà, bí iná pòpòrò àgbàdo tó ń jó fòò, tí kò se nǹkan jinná. Ọ̀gá mọlémọlé kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ kí wọ́n mọ ààrò tuntun. PGC-1α ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí èèyàn bá ń ṣe eré ìdárayá, ohùn rẹ̀ á ròkè. Nínú ọkàn tó ń kùnà, ohùn rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fèrè. Bí ọkàn bá ń kùnà, sódíọ̀mù á pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù yìí á sì máa lé kálíṣíọ̀mù jáde kúrò nínú mitokọ́ńdíríà kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò ń fọn fèrè, etí ìdáná ti di. Èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán kí wọ́n tó ronú àtidáná. Ohun tó gbé mi jókòó lórí òkúta níṣojú ìyá aláru omi nìyẹn. Nígbà tí ọkàn bá fi máa kùnà pátápátá, ATP inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín sí ti ọkàn tó dá. Ní 2007, Stefan Neubauer ní Oxford fi ọkàn bẹ́ẹ̀ wé ẹ́ńjìnnì tí epo ti tán nínú rẹ̀. Dókítà ọmọ Kétu ló sọ ọ́ dùn jù létí mi: ebi ń pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ méje ni mo bí. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn aboyún máa ń tóbi. Ṣé èyí ló pa mí lára?" Dókítà ló dá a lóhùn. Ó ní ọkàn aboyún ń tóbi lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn eléré ìje, ṣùgbọ́n ìdáná ń bá ṣọ́ọ̀bù lọ ní tiwọn, ti aboyún a sì máa padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn ìbímọ. Lóòótọ́, àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń mú àwọn abiyamọ mélòó kan ní òpin oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ, àwọn dókítà Zaria sì ti kọ púpọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀ yàtọ̀ sí ẹrù tí kì í sọ̀. Òkè tí mò ń gùn kọ́ ló mú kí ọkàn mi ki. Òkè inú ẹ̀jẹ̀ mi ni, èyí tí mi ò sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Mo wá sọ ti àwọn agolo "agbára" fún dókítà. Ó di ojú, ó tún là á. Ó ní ẹṣin tó ti rẹ̀ ni mò ń nà lẹ́gba. Àwọn oníṣègùn gan-an ti ṣe irú ẹ̀ rí: wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn milrinone láti mú ọkàn wọn lù kíkankíkan, àbájáde ìwádìí tó jáde ní 1991 sì fi hàn pé ikú fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Oògùn tó ń ní kí ọkàn rọra lù ni wọ́n wá rí pé ó ń gba ẹ̀mí là. Láti 1975 ni Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Göteborg, ní Sweden, ti kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì pẹ́ kí àwọn èèyàn tó gbà wọ́n gbọ́. Ta ló máa gbà pé ìsinmi ni oúnjẹ ẹni tó rẹ̀? Oògùn bẹ́ẹ̀ wà nínú èyí tí mo kó sápò lálẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ́rìí èké.

Mo padà lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà náà. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní mo purọ́. Mo ní Ọlọ́run kò rán mi níṣẹ́ kankan pé kí n da oògùn nù, ìgbéraga mi ló rán mi. Ẹnì kan ní mo fẹ́ ba ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn jẹ́. Àwọn ìyá méjì kan wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: àwọn náà ti dá tiwọn dúró. Mi ò mọ iye àwọn tí kò wá bá mi.

Nígbà tí mo ń kàwé kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 láti Abẹ́òkúta, ìlú Ẹ̀gbá, níbi tí òkúta pọ̀ bíi tiwa. Wọ́n ka aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti kùnà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á lára ẹni tó lé ní 78 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 57 ní ìpíndọ́gba. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2012, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà lórí aláìsàn 1,006, rí i pé ọdún 52 ni ìpíndọ́gba tiwọn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó máa ń tó ọdún 70 kí irú rẹ̀ tó mú èèyàn. Àwọn tó ṣì ń sanwó ilé-ìwé ọmọ ni àìsàn yìí ń mú láàárín wa, ohun tó sì ń fà á ni ohun tí nọ́ọ̀sì lè fi aṣọ kan dì mọ́ wa lápá kó sì rí láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má dúró de orí fífọ́. Orí kò fọ́ mi. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn tí ara yín sì yá, oògùn ló ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró láìbi dókítà. Ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ń lọ sí Arigbo lóṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dìde lójú yín, tó ní òun ti da oògùn nù, ẹ kọ́kọ́ ní kó fi inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fọ́ òkúta mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fọ́ ọ, òun jókòó síbòji, ó ń gba owó. Ó máa ń wá sílé mi láàárọ̀ kí a lè jọ lo oògùn, torí ó ní òun kò ní gbójú kúrò lára mi mọ́. Lánàá, 13 lórí 8 ni tèmi, 14 lórí 8 ni tirẹ̀. Oògùn ló mú un bẹ́ẹ̀, a ó sì tún lò ó lọ́la.